Ẹrẹ̀ Ṣáájú Ẹja: Bí Wọ́n Ti Ń Tún Adágún Ṣe ní Ọ̀fà

Ọ̀fà kì í ṣe ìlú etí òkun. Ọ̀dùnkún àti ìjàkadì ni a fi mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, ojú irin tí ó ti Èkó gba Ìbàdàn àti Òṣogbo kọjá lọ sí Ìlọrin sì tún sọ ọ́ di ìlú oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rìn dé àkùrọ̀ ní ìparí oṣù kẹta, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀, yóò bá àwọn ènìyàn tí wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ dúdú jáde nínú kòtò ńlá tí omi ti tán nínú rẹ̀. Àwọn tí ń sin ẹja àrọ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ wọ́n wò. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin òǹkàwé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtifi owó àjọ tàbí owó ìfẹ̀yìntì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Ẹja àrọ̀ mọ àsìkò dáadáa. Nínú odò bí Ọ̀yun tiwa, nígbà tí omi òjò àkọ́kọ́ bá kún dé inú koríko etí odò ni wọ́n máa ń gòkè wá yé ẹyin. Àwọn tí ń pa ọmọ ẹja tà kò dúró de èyí mọ́. Wọn a gún abo ní abẹ́rẹ́ ní alẹ́; bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ẹyin a sì tú sínú abọ́. Ti akọ kò rí bẹ́ẹ̀: pípa ni wọ́n ń pa á kí wọ́n tó rí àtọ̀ rẹ̀ lò. Ní nǹkan bí ọjọ́ kan, ẹyin ti di ọmọ tín-ín-rín bí òwú. Ṣùgbọ́n ọmọ àrọ̀ kò mọ ẹbí. Èyí tí ó bá yára dàgbà yóò gbé àbúrò rẹ̀ mì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀ lóòrèkóòrè, ńlá pẹ̀lú ńlá, kékeré pẹ̀lú kékeré.

Ìyá kan wà tí ó ní adágún mẹ́ta lójú ọ̀nà Ìpèé. Opó ni, owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ó sì yá ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún tó kọjá ó kánjú. Ó tú omi adágún kan dànù, kò jẹ́ kí ẹrẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ó fa omi tuntun sí i, ó sì da 2,000 ọmọ ẹja sínú rẹ̀. Kò mọ̀ pé àwọn àgbà àrọ̀ mélòó kan ti ri ara wọn mọ́ inú ẹrẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni ó fi ra oúnjẹ fún wọn. Nígbà tí wọ́n fa àwọ̀n, ẹja tí wọ́n kà kò pé 700, àwọn àgbà ọ̀dájú náà sì wà láàárín wọn, wọ́n sanra bí apá oníjàkadì. Gbèsè ọdún náà ṣì wà lọ́rùn ìyá.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, aládùúgbò rẹ̀ sì ti ń fa omi sí tirẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá ń rọ̀ ọ́ pé kí àwọn náà bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí ó bá tètè dá ẹja sómi ni yóò tètè tà. Ìyá mi orí.

“Tíṣà, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ilẹ̀ yìí ti sán?”

Mo ní, “Rárá, Màmá, ó ṣì ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.”

“Tí kò bá tíì sán, n kò ní dá omi sí i. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.”

Oòrùn ni oògùn kìíní fún adágún. Ẹrẹ̀ tí ó bá gbẹ títí tí ó fi sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀, kò sí àgbà ẹja tí yóò yè nínú rẹ̀, ẹyin àkèré yóò kú, afẹ́fẹ́ búburú tí ó há sínú ẹrẹ̀ yóò sì jáde. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wọ́n láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí ń pa kòkòrò àìsàn, tí ó sì ń mú kíkan ilẹ̀ rọlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò da ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ sí i, kí wọ́n tó fa omi.

Nígbà tí mo padà lọ, ìyọnu ti dé. Òjò òru kan ti da omi kún adágún dé àárín, gbogbo gbígbẹ náà sì di òfo. Ìyá ta aṣọ òkè kan, ó fi san owó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi ọjọ́ méjì gbọ́n omi náà dànù, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí dúró de oòrùn. Àwọn kan ń fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹ má rò pé ìyà aláìní ni gbogbo èyí. Ní òkè Yamakoshi àti Ojiya, ní àgbègbè Niigata ní ilẹ̀ Jàpáánì, àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣa ẹja aláwọ̀ mèremère sọ́tọ̀ láti nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Nishikigoi ni wọ́n ń pè é. Wíwò ni wọ́n ń wò ó, wọn kì í jẹ ẹ́. Ní 2018, ọ̀kan tí wọ́n sìn ní Hiroshima tà ní 203 mílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì. Nígbà òtútù, inú ilé ni wọ́n ń kó àwọn ẹja náà sí. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán, àwọn onílé ẹja a sọ̀ kalẹ̀ sínú adágún ẹrẹ̀ wọn, wọn a tún un ṣe, wọn a sì fa omi tuntun sí i kí ẹja tó padà wọ̀ ọ́. Oṣù kẹwàá ni wọ́n ń fa àwọ̀n. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2004, ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀, adágún ya, ọ̀pọ̀ ẹja sì ṣòfò. Hẹlikópítà ni wọ́n fi kó àwọn ará Yamakoshi jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn padà, wọ́n sì tún adágún wọn mọ. Ẹja olówó ńlá ni tiwọn, ẹja ọbẹ̀ ni tiwa, iṣẹ́ ẹrẹ̀ kan náà ni.

Nígbà kẹta tí mo lọ, omi adágún ìyá ti rí bí ewé. Ó ti apá bọ omi títí dé ìgúnpá, ó sì ní kí n wá wò ó bóyá mo lè rí ìka rẹ̀. N kò rí i. Ó rẹ́rìn-ín: oúnjẹ àwọn ọmọ ẹja ti hù nínú omi nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n gbé ọ̀rá tí ọmọ ẹja wà nínú rẹ̀ lé orí omi kí ara wọn lè mọ́ omi náà lára, kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Àwọ̀n ti yí etí adágún ká, torí pé àrọ̀ a máa wọ́ lọ lórí ilẹ̀ ní òru òjò.

Láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ gidigidi, owó oúnjẹ ẹja ti ga ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, oúnjẹ yìí nìkan ni ó sì ń gba ju ìdajì owó tí a ń ná. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a fi dúró de ẹrẹ̀ kò wọ́n. Ẹja tí ó bá jẹun oṣù márùn-ún kí ó tó sọnù ni ó ń sọ ni di onígbèsè. Ìyá kò tíì san gbèsè rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ omi rẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta ọmọ ẹja. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀.