Síkúrúù Méjì Lára Ọkọ̀ Bàbá Wa

Ọkọ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ará Japan ni, 1993 ni wọ́n ṣe é. Òun la fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ níbí ní Kaduna, òun náà la fi ń lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Bí a bá dúró, ẹ́ńjìnnì á ké sókè, á tún rọlẹ̀. Gíà á sì máa ta wá síwájú. Lọ́jọ́ kan ó kú mọ́ wa lọ́wọ́ lábẹ́ afárá Kawo, ọmọ mẹ́ta wà lẹ́yìn, ọkọ̀ akẹ́rù ń fọn fèrè mọ́ wa. Àyà wa já.

Mẹkáníìkì ní gíà ló bàjẹ́. Iye tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ méjì. Ọ̀kan nínú wa ní ká tà á. Èkejì ní ogún bàbá òun kò ṣeé tà. Odidi ọjọ́ mẹ́ta la ò fi bára wa sọ̀rọ̀ dáadáa.

Màlámù tó ń ṣe rewáyà ládùúgbò wa ló bi wá pé, "Ta ló tú ibí yìí?" A wo ara wa. Àwa ni. Kí ọdún tó dé, a fọ ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, a sì tú throttle position sensor tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsàmì sí ibi tó dúró sí. A ò sì sọ ọ́ fún mẹkáníìkì.

Ẹ̀rọ kékeré yìí ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí a ṣe tẹ iná tó. Bó bá yẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé ẹsẹ̀ wa ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí a ti gbé e kúrò.

Màlámù ṣí kọ́kọ́rọ́ láì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, ó ki mítà bọ wáyà tó ń gbé ìròyìn lọ. Ọmọbìnrin wa àgbà ló ń kà á: 0.9 volt. Ìwé ọkọ̀ wa ní 0.5. Ó dẹ síkúrúù méjèèjì díẹ̀, ó ń yí sensor náà díẹ̀díẹ̀. "0.7! 0.6! 0.5!" Ó fún wọn le, nọ́ńbà sá, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dúró, a rọra tẹ iná dé ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà gòkè kọjá 4 láìfò. Ó ní ká ní ó ń fò ni, sensor ti jẹ nìyẹn, títún un tò kò ní ràn án, àfi ká pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A bẹ ara wa, a sì lọ jẹ́wọ́ fún mẹkáníìkì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ bá ti sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní."

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó náwó, kí ẹ tó bínú síra yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè nínú ilé: kí la fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn?