Ọjọ́ Kan Létí Òkun Iyọ̀

Àwa méje péré ni ọkọ̀ kékeré kó láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Òkun Iyọ̀ ní ọdún 2018. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀, etí gbogbo wa ń dí, nítorí etí òkun náà fi nǹkan bíi 430 mítà rẹlẹ̀ ju òkun ńlá lọ. Màmá tó dàgbà jù láàárín wa ti bọ́ bàtà nínú ọkọ̀. Àṣé omi ti jìnnà! Afinimọ̀nà wa ní ó ń fà tó mítà kan lọ́dọọdún, torí wọ́n ń darí omi Jọ́dánì sí oko àti ìlú kí ó tó dé ibẹ̀. Ilẹ̀ tó gbẹ náà a sì máa jìn lójijì, ni wọ́n ṣe dínà. (Àwa tí òjò ń rọ̀ fún, ǹjẹ́ a mọ iyì omi?) Ó gbé wa lọ sí etíkun mìíràn. Màmá léfòó bí igbá, ó tọ́ omi wò, ó tu ú: “Ẹ̀yin ọmọ mi, èyí kì í ṣe iyọ̀ nìkan, ó korò bí ewúro!”