Kí Google Earth Tó Dé

Lọ́jọ́ ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì mi, ọmọ kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ GIS, ìyẹn iṣẹ́ máàpù orí kọ̀ǹpútà, dìde, ó ní, "Bàbá, kí ni ẹ̀yin ń ṣe kí Google Earth tó dé?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò tán nínú mi. Bó ṣe bi í, àfi bíi pé a káwọ́ gbera, à ń retí kí àwọn ará Amẹ́ríkà wá fi ilẹ̀ bàbá wa hàn wá. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, kò sí ọ̀gá tí mo ń bẹ̀rù mọ́, ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1972 ni wọ́n dá RECTAS, ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ iṣẹ́ máàpù, sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọrọ̀ ajé Áfíríkà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Inú ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀ ló wà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè láti 1987. Oṣù mẹ́ta péré ṣáájú rẹ̀, lóṣù Keje ọdún kan náà, ni Amẹ́ríkà rán sátẹ́láìtì ERTS-1 lọ sókè, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Landsat 1. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn. Sátẹ́láìtì kò já lù wá láti ibì kankan. Ẹgbẹ́ ni òun àti ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹni tó bá ní àwa àgbà ń sá fún un, kò mọ ìtàn ni.

Àmọ́ fọ́tò òfurufú ló gbé wa dé Ifẹ̀. Nígbà náà, òyìnbó ló ń fò, òyìnbó ló ń yà á, òun náà ló sì ń kó púpọ̀ nínú fọ́tò yẹn lọ sílùú rẹ̀ láti sọ ọ́ di máàpù. Owó wa ń lọ, ọgbọ́n náà ń lọ. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí àwọn ọmọ Áfíríkà máa kọ́ ọ níbí. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwa kan, wọ́n fi Faransé kọ́ àwọn tó ti Bẹ̀nẹ̀, Niger àti Mali wá. Ará Kétu kan wà láàárín wọn: Faransé ló fi ń ṣe ìdánwò, Yorùbá ló fi ń bá mi jà lórí ẹ̀rọ.

Ọ̀gá tó kọ́ mi ti lọ sí ITC, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ fọ́tò òfurufú ní Netherlands, nígbà tó ṣì wà ní Delft, kó tó kó lọ sí Enschede ní 1971. Schermerhorn ló dá a sílẹ̀ ní 1950, ọkùnrin tó ti ṣe olórí ìjọba lọ́hùn-ún lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀gá a máa fi ìyẹn halẹ̀ mọ́ wa: "Iṣẹ́ tí olórí ìjọba dá sílẹ̀ lẹ fi ń ṣeré yìí!" Kò jẹ́ kí ẹni tó bá bá ìyàwó rẹ̀ jà láàárọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ó ní ojú tó ń bínú kò lè gbé àmì lélẹ̀. Fọ́tò méjì ibì kan náà, ọ̀kan fún ojú ọ̀tún, ọ̀kan fún ojú òsì, la máa ń fi sínú ẹ̀rọ kí òkè àti kòtò lè yọ sójú. Nígbà míì á dọ́gbọ́n pààrọ̀ fọ́tò ọ̀tún sí òsì, òkè Ìdànrè á di kòtò gbangba. Ẹni tí kò bá fura, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa kọ́ńtọ̀, ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn, lọ, ó di dandan kó fẹsẹ̀ rìn lọ sí pápá, kó lọ béèrè orúkọ abà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ baálẹ̀. Èmi ti lọ. Mi ò rí olùkọ́ kankan lónìí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó ń fi máòsì ṣiṣẹ́, ìyẹn ni orúkọ abà ṣe ń di ìdàkudà lórí máàpù wọn.

Wild A8 ni ẹ̀rọ tí mò ń wí. Switzerland ni wọ́n ti ṣe é. Ọwọ́ méjèèjì lórí àgbá, ẹsẹ̀ lórí àwo tó ń gbé àmì sókè sódò, ojú nínú awò. Ní iléeṣẹ́ tí mo lọ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Ifẹ̀, òun la fi jẹun. Nígbà tó yá, wọ́n kó kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ní A8 ti di ìdọ̀tí. Àwọn tó ń ra irin kóńdẹ̀mù ló wá gbé e, kílò ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Mo ní kí wọ́n yọ awò rẹ̀ nìkan fún mi. Wọ́n ní ohun ìjọba ni, ẹnì kan kò lè mú un lọ sílé!

Wọ́n ń sọ títí dòní pé èmi ni mo dínà mọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Irọ́ ni. Ohun tí mo wí ni pé kí wọ́n má tíì gbé ti àtijọ́ jáde kí ti tuntun tó ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ń bẹ nínú páálí, iná kò sí, owó láísẹ́ǹsì kò sí, A8 ti lọ. Máàpù kan ò jáde fún ìgbà pípẹ́. Ta ló jàre?

Ìyókù kò pẹ́ sọ. Sátẹ́láìtì SPOT dé ní 1986, ó ń rí ohun tó tó mítà 10. Nàìjíríà rán NigeriaSat-1 lọ sókè láti Rọ́ṣíà ní 2003, mítà 32 ni tirẹ̀. Ní 2008 wọ́n ṣí Landsat sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. RECTAS náà ti di AFRIGIST. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Landsat àkọ́kọ́, nǹkan bíi mítà 80 ló ń kó pọ̀ sójú kan, odidi agboolé lè sá pamọ́ sínú rẹ̀, nígbà tí fọ́tò òfurufú 1:40,000 ti ń fi ilé kọ̀ọ̀kan hàn wá.

Nítorí náà, mo bẹ ẹnikẹ́ni tí fọ́tò òfurufú àwọn ọdún 1950 àti 1960 bá wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀: ẹ má jó o, ẹ má tà á. Kò sí Landsat lókè nígbà tí wọ́n yà á. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí igbó Ifẹ̀ àti Oǹdó dé lọ́dún tí a gba òmìnira, inú ẹ̀ ni yóò ti rí i. Ẹ gbé e lọ sí yunifásítì tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n fi ẹ̀rọ dà á kọ. Bí wọn ò bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà tó wà létí rẹ̀, kí wọ́n wá bi mí.