Ìrìn Ẹsẹ̀ Láàrin Àwọn Ibi Ìrántí Párísì

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ka ìtàn ní Párísì, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọgbà Luxembourg. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé rẹ̀. Àwa olùkọ́ mẹ́fà tí a jọ rìn níbẹ̀ kò dúró pẹ́ lẹ́bàá àwọn ère ayaba ilẹ̀ Faransé, nítorí ohun mìíràn ni a ń wá: òrùka ẹ̀wọ̀n mẹ́ta tí a fi idẹ rọ, tí ọ̀kan nínú wọn ṣí sílẹ̀. Fabrice Hyber ni ó ṣe é. Ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i, ní ìrántí òwò ẹrú àti ìparẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń sáré yí i ká. Kò burú, ibi ìrántí tí ọmọdé kò lè dé, ta ni yóò máa rántí níbẹ̀?

Láti ibẹ̀, òpópónà Soufflot nìkan ni a gbà dé Panthéon. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́ fi ilé ńlá yìí ṣe tẹ́lẹ̀, kí ìyípadà ọdún 1789 tó sọ ọ́ di ibi ìsinmi àwọn akọni. Abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ Victor Schœlcher sí, ẹni tí ó ṣètò òfin ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú ní 1848. Ọjọ́ kan náà, ní 1949, ni wọ́n gbé òun àti Félix Éboué, ọmọ Guyane, wọlé. Éboué ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Toussaint Louverture ni ó dá wa dúró pẹ́ jù lọ. Òkú rẹ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí inú ẹ̀wọ̀n Fort de Joux ni ó kú sí ní 1803. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sára ògiri ní 1998. Ìtàn ìdílé rẹ̀ sọ pé Àládà ni baba rẹ̀ ti wá. Àládà tí a ń kọjá lójoojúmọ́ bí a bá ń ti Kútọnu lọ sí Bohicon!

A sọ̀kalẹ̀ sí etí odò Seine, a sì tọ bèbè rẹ̀ títí dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Quai Branly. Ibẹ̀ ni ohun 26 tí ọmọ ogun ọ̀gágun Dodds kó ní ààfin Agbómẹ̀ ní 1892 wà, kí wọ́n tó dá wọn padà fún Benin ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Gbogbo orílẹ̀-èdè wa yọ̀ lọ́jọ́ náà, àwa náà sì yọ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ Kétu kan wà láàrin wa, àgbà olùkọ́ ìtàn. Ó ní:

“Ẹ̀yin ará, ẹ rántí pé ìtẹ́ Kana wà lára ẹrù náà. Wọ́n gbẹ́ àwọn ẹrú tí a fi ẹ̀wọ̀n so sára rẹ̀. Ní 1886, Agbómẹ̀ fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn baba wa lọ. Ogun Dodds tí ó kó ìtẹ́ náà lọ sí Párísì ni ó tú wọn sílẹ̀ láti padà wálé.”

Ọ̀rọ̀ náà wúwo. Faransé kò torí ìyẹn di olóore. Olè ni olè. Síbẹ̀, ìbéèrè bàbá náà kò ṣeé gbé jù sẹ́yìn: bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kétu bá wá wo ìtẹ́ náà lọ́la, kí ni a óò kọ sábẹ́ rẹ̀ nípa àwọn tí a gbẹ́ sí i? A ń jiyàn lé e lórí títí wọ́n fi wá ti ọgbà náà.