Ọ̀rọ̀bọ̀ Àná, Lẹ́pa Òní: Ohun tí Ojú Wa Rí Lórí Ara Ìyá Wa



 

 Ọmọ ìyá mẹ́ta ni àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilé-kéú yìí ni wàláà ti kọ́kọ́ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá tí ó bí wa ni a fẹ́ bá yín sọ. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí a kọ ọ́. Wọ́n ní bí yóò bá gba ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́ irú àṣìṣe tí a ṣe, kí a má fi ohunkóhun pamọ́.

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Kàbbà, ìyá wa kò sanra. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sí oko, orí ni wọ́n sì fi ń ru iṣu bọ̀ wá sílé. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta aṣọ. Ṣọ́ọ̀bù gba ìjókòó láti àárọ̀ di alẹ́, ọ̀kadà sì dé, kò sí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbì kan mọ́. Ṣùgbọ́n iyán kò kúrò nílé wa, nítorí ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Òkun mọ̀ pé oúnjẹ tí kì í bá ṣe iyán, ìpápánu ni àwọn àgbà ń pè é. Òkèlè tí ẹni tí ó rin oko ń jẹ, òun náà ni ẹni tí ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ń jẹ. Báyìí ni ara wọn ṣe ń gbilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú wa.

Kò sí ẹni tí ó ka èyí sí àìsàn. Nígbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé ní ọdún 2006, gbogbo àlejò tí ó wọlé ló ń sọ pé, "Àlàájà, ẹ kú ìgbádùn, owó ti hàn lára yín." Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá wa ń yin bàbá wa pé ó mọ aya tọ́jú. Rírù ni ó jẹ́ ìtìjú nígbà náà. Ní àwọn ọdún tí ọ̀rọ̀ àrùn éèdì gba ìlú kan, bí ẹnì kan bá ti rù, kí a tó bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é ni ẹnu ayé ti pa á pé éèdì ni. Nítorí náà ni oníkálukú ṣe ń fẹ́ kí ara òun kún.

Èyí tí ó dàgbà jù nínú wa fi ara gbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Bí ìgbéyàwó rẹ̀ ti ku oṣù mẹ́ta ni àwọn ìyá àdúgbò ní kí ó wá nǹkan ṣe sí ara rẹ̀, kí àwọn àna má baà rò pé ebi ń pa á nílé. Ó lọ ra oògùn ìsanra lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri oògùn lọ́jà. Oríṣi oògùn méjì ni irú wọn sábà máa ń jẹ́. Ọ̀kan ni cyproheptadine, tí a ṣe fún ara yíyún àti imú tí ń ṣomi. Ó máa ń mú oorun kun ni, ó sì máa ń mú ebi pa ni, ebi tí ó ń mú pa ni yìí ni àwọn ènìyàn ń rà. Èkejì ni dexamethasone, oògùn ńlá tí dókítà ń lò fún àwọn àìsàn líle. Bí a bá ń dá a lò, ó ń mú ojú wú, ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá sókè, ó sì ń sọ egungun di aláìlágbára. Ojú ẹ̀gbọ́n wa wú roboto lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ilé ìwòsàn ni a ti ń gbọ́ pé ìfúnpá rẹ̀ ti lọ sókè.

Kì í ṣe Kàbbà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn Ẹ́fíìkì ní Kàlàbá ní ilé tí wọ́n ń fi ọmọbìnrin sí kí ó tó lọ ilé ọkọ, níbi tí wọ́n ti ń bọ́ ọ kí ó sanra, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ ní ìṣe ilé. Ní Mọriténíà, orílẹ̀-èdè àwọn Mùsùlùmí, àwọn kan ti ń fi ipá rọ wàrà ràkúnmí sí ọmọdébìnrin lẹ́nu nítorí kí ó lè tètè rí ọkọ. Ẹnu ayé ni gbogbo rẹ̀.

Kí a padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Ní ọdún 2023, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí dùn wọ́n tí wọn kò fi lè wólẹ̀ nínú ìrun mọ́, orí àga ni wọ́n ti ń kírun. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, ìtọ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n sùn lóru. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó ní àtọ̀gbẹ ni, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó gbé wọn gun òṣùwọ̀n, wọ́n wọn kílò 98. Ó wọn gíga wọn, ó jẹ́ mítà 1.58. Ó kọ́ wa ní ìṣirò kan tí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lè ṣe nílé: ẹ fi mítà gíga yín pín kílò yín, kí ẹ tún fi mítà náà pín èyí tí ẹ bá rí. Ti ìyá wa jẹ́ 39. Fún àgbàlagbà, bí ó bá ti tó 25, ara ti ń pọ̀ jù. Bí ó bá ti tó 30, sísanra náà ti di àìsàn. Dókítà ní àwọn nìkan kọ́. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ, ní ọdún 2022, nínú ènìyàn 8 láyé, ẹnì 1 wà nínú irú ipò yìí, iye àwọn àgbàlagbà tí ó wà nínú rẹ̀ sì ti ju ìlọ́po méjì ti ọdún 1990 lọ.

Ní àkókò yìí kan náà ni ayé yí padà mọ́ ìyá wa lójú. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ ọ̀rọ̀bọ̀ mọ́, lẹ́pa ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tí wọ́n ń kí kú ìgbádùn ní 2006 ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní 2023. Níbi wòlímọ̀ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń to àga kígbe pé, "Ẹ bá Àlàájà gbé àga irin wá o, oníke yìí kò lè gbé wọn!" Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, a kò sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Fún oṣù mẹ́rin, ìyá wa kò lọ sí àsáláátù. Wọ́n ń sọ pé orúnkún ni, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé kì í ṣe orúnkún. Bẹ́ẹ̀ sì ni Súrátul-Hujuráátì, áyà 11, tí a kọ́ ní ilé-kéú yìí, ti kọ̀ fún wa láti máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, ọkùnrin sí ọkùnrin, obìnrin sí obìnrin.

Ìtìjú yìí ni ó gbé wa dé ìdí abẹ́rẹ́. Ẹ óò ti gbọ́ orúkọ wọn: Ozempic, Wegovy, Mounjaro. Ìtàn wọn jẹ́ ìyanu. Ní ọdún 1992, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ John Eng rí èròjà kan nínú oró aláǹgbá ńlá kan tí ń gbé inú aṣálẹ̀, Gila monster ni wọ́n ń pè é, ẹranko tí ìwọ̀nba oúnjẹ díẹ̀ ń tó fún ọdún kan. Èròjà yìí jọ èyí tí Ọlọ́hun fi sínú ìfun àwa ènìyàn, tí ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó, tí ó sì ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2005. Lẹ́yìn náà ni semaglutide dé, wọ́n fọwọ́ sí i fún àtọ̀gbẹ ní 2017 pẹ̀lú orúkọ Ozempic, àti fún sísanra ní 2021 pẹ̀lú orúkọ Wegovy. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2021, àwọn tí wọ́n lò ó fún ọ̀sẹ̀ 68 pàdánù bíi kílò 15 nínú kílò 100, bí a bá pín in dọ́gba. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún kan fi kọjá tí wọ́n dá a dúró, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí ó lọ ti padà.

Àwa kò mọ gbogbo èyí nígbà náà. Àbíkẹ́yìn wa tí ń gbé Àbújá rí ẹnì kan tí ń tà á lórí fóònù ní ẹ̀dínwó. Kò béèrè nọ́ńbà NAFDAC, kò béèrè lọ́wọ́ dókítà. Inú fíríìjì ni ó yẹ kí abẹ́rẹ́ yìí wà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, ṣùgbọ́n inú lailọ́ọ̀nù ni ó wà, nínú ọkọ̀ èrò, nínú oòrùn, láti Àbújá dé Kàbbà. A fún ìyá wa ní abẹ́rẹ́ náà ní oṣù May, ọdún 2024. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi bì, omi kò dúró nínú wọn, òòyì gbé wọn ṣubú nílé ìwẹ̀. Nílé ìwòsàn, dókítà yẹ ike abẹ́rẹ́ náà wò, ó ní òun kò lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù June ọdún náà gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ fún gbogbo ayé nípa ayédèrú Ozempic, tí wọ́n ti rí ní Brazil, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì lórí ibùsùn, ìyá wa bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní, "Ṣé nítorí àtọ̀gbẹ mi ni ẹ ṣe fún mi ní nǹkan yìí, àbí nítorí ọ̀rọ̀ àga?" A kò rí èsì fọ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ àga ni. Ọmọ tí ó ra oògùn ìsanra nítorí ẹnu àwọn ìyá àdúgbò, àti ọmọ tí ó ra abẹ́rẹ́ ìfọn nítorí ẹ̀rín àwọn èrò wòlímọ̀, ohun kan náà ni wọ́n ṣe. Ẹnu ayé ni a ń fi oògùn tọ́jú, ara ìyá wa ni a sì fi san gbèsè rẹ̀.

Dókítà kò bú abẹ́rẹ́ náà o, àwa ni ó bá wí. Ó ní oògùn gidi ni bí ó bá ti ọ̀nà tí ó tọ́ wá. Ó ní ó lè mú èébì wá nígbà mìíràn, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni a ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó, ó sì ní irú jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ tairọ́ìdì kan tí ó jẹ́ pé, bí ó bá wà nínú ìdílé ẹni, a kò ní lò ó. Ìyá wa bi í bóyá nǹkan ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé láti ara ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ti ń mú insulin àtijọ́. Dókítà ní rárá, ìwúkàrà irú èyí tí a fi ń ṣe búrẹ́dì ni wọ́n fi ń pèsè semaglutide. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára wa lọ, oṣooṣù sì ni, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nítorí náà, oògùn àtọ̀gbẹ oníhóró ni ó kọ fún wọn.

Ó bá wa ṣètò oúnjẹ. Kò ní kí a lé iyán jáde nílé. Ó ní kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí ọtí ẹlẹ́rìndòdò dópin. Nígbà tí a sọ fún ààfáà wa, wọ́n rán wa létí ìmọ̀ràn Ànábì wa nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, pé kí a pín ikùn sí mẹ́ta: oúnjẹ, omi àti èémí. Wọ́n ní àwa tí a mọ hádíìsì náà láti kékeré kò fi ọjọ́ kan wọ̀n ọ́n sínú abọ́. Ààfáà tún sọ fún ìyá wa ní Ràmàdánì 2025 pé Súrátul-Bàkárà, áyà 184, ti fún aláìsàn ní àyè láti má gba ààwẹ̀, kí wọ́n máa bọ́ mẹ̀kúnnù dípò rẹ̀. Wọ́n sunkún, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Lónìí, ẹsẹ̀ ni ìyá wa fi ń lọ kí ìrun àsùbáà, ọ̀kan nínú wa a sì máa sìn wọ́n bí ó bá wà nílé. Kílò 89 ni wọ́n wọ̀n kẹ́yìn. Wọ́n ṣì sanra, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ṣùgbọ́n ṣúgà wọn ti wálẹ̀, wọ́n sì ti padà sí àsáláátù. Ní ọjọ́ 1 oṣù December 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde tí ó pe sísanra ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, tí ó sì ní àgbàlagbà lè lo irú abẹ́rẹ́ yìí pẹ̀lú ètò oúnjẹ àti eré ìdárayá. Bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ lọ́la, tí dókítà sì ní kí ìyá wa lò ó, a óò rà á ní ilé oògùn tí ó ní ìwé àṣẹ, a kò sì ní tijú.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ má fi oògùn ìsanra ṣe ẹrù ìyàwó fún ọmọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ má ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á lórí fóònù, ẹ má sì pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀bọ̀ tàbí eegun. Ẹ̀yin ìjọ, bí ẹ bá rí ẹni tí ó sanra ní mọ́sáláṣí, ẹ fún un ní àga láìsọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìlera ara rẹ̀, kí ó gun òṣùwọ̀n, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ó sì gbọ́ ti dókítà.

Kí Ọlọ́hun dárí jì wá lórí ẹ̀rín ọjọ́ náà. Kí Ó fún ìyá wa àti gbogbo aláìsàn ní àlàáfíà, kí Ó sì jẹ́ kí a mọ ara tí Ó fún wa tọ́jú gẹ́gẹ́ bí ohun tí Ó fi sí ìkáwọ́ wa. Àmín.