Ọkọ̀ Tí Mo Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dojú Rẹ̀ Dé

Nínú gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ti sọ nípa àwòrán òkun tí mò ń yà, "Ó mà rẹwà o" ló pa mí lára jù. Inú mi á dùn, màá sì tún lọ ya irú rẹ̀. Etíkun Àgbádárìgì ni mò ń yà, lápá erékùṣù Gberefu: ìgbì, ọkọ̀ apẹja, àti oòrùn pupa tó ń rì sínú òkun láàárín gbùngbùn kánfáàsì.

Arábìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní àwòrán yíyà ló kọ́kọ́ da omi tútù sí mi lára. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, apá ibo lòkun wà ní Àgbádárìgì?" Mo ní gúúsù ni. "Ṣé gúúsù wá loòrùn ń wọ̀ sí lọ́dọ̀ yín ni?" Mo fẹ́ bínú, àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? Lóṣù Kejìlá, oòrùn máa ń yà díẹ̀ sójú òkun kó tó wọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni, kì í ṣe iwájú gan-an. Inú ìwé ni mo ti rí oòrùn tèmi. Nígbà tí mo pa á rẹ́, oníbàárà tó ti ń ná àwòrán náà sọ pé torí oòrùn yẹn lòun ṣe fẹ́ ẹ.

Ẹlòmíì ní kí n fi nǹkan pupa sí i, pé Turner, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Lọ́dún 1832, ní Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbé àwòrán òkun rẹ̀, Helvoetsluys, kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Constable, ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀, tí pupa ń tàn yòò lára rẹ̀. Turner tọ́ ọ̀dà pupa kan péré sórí omi, ó bá tirẹ̀ lọ; ìgbà tó padà dé ló sọ ọ́ di ohun tó léfòó tí àwọn atukọ̀ fi ń mọ ọ̀nà. Èmi náà kun aṣọ apẹja kan ní pupa. Ojú lọ síbẹ̀, kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀. Omi Turner ti jẹ́ omi kó tó fi pupa sí i. Tèmi ṣì jẹ́ ọ̀dà búlúù.

Mo wá gbé kánfáàsì náà lọ bá àwọn Ègùn tó ń fa àwọ̀n létí òkun. Bàbá kan wò ó, ó ní, "Ta ló fẹ́ pa àwọn ọmọ yìí?" Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Ó fìka lé ọkọ̀: ẹ̀gbẹ́ ni mo kọ sí ìgbì, bẹ́ẹ̀ ìgbì ọ̀hún ti fẹ́ fọ́. "Imú là ń kọ sí i, ọmọ mi. Èyí á dojú dé." Ó tún bi mí ìdí tí ìfófó mi fi funfun látòkè délẹ̀. Ó ní kí n wo òkun.

A jọ dúró wò ó. Ibi tí oòrùn bá kàn nìkan ni ìfófó ti funfun; lábẹ́ òjìji ìgbì, ó ṣú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dàbí aró tó ti ṣá. Nígbà tí ìgbì bá dìde tó kù díẹ̀ kó fọ́, orí rẹ̀ á fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá, á ní àwọ̀ ewé, nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn pẹ̀lú yanrìn. Ìfófó tó kù nílẹ̀ láti ara ìgbì tó ṣáájú á máa fà gùn gòkè lára rẹ̀, nítorí ìgbì ń fa omi ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra. Mo ti ń bẹ etíkun yẹn wò láti kékeré.

Mo fi àwọ̀ eérú bo èyí tó pọ̀ jù nínú funfun náà. Mo yí imú ọkọ̀ sí ìgbì, èyí sì mú kí ẹ̀yìn àwọn atukọ̀ tẹ̀, kí apá wọn le. Aṣọ pupa kò wúlò mọ́. Mo pa á rẹ́.

Bàbá rí èyí tí mo tún ṣe. Ó ní ó kù ẹnì kan, pé èèyàn méjì ò lè gbé irú ọkọ̀ yẹn kọjá ìgbì. Ó mọ̀ jù mí lọ, mo sì gbà fún un. Ṣùgbọ́n méjì ni mo fi í sílẹ̀: àlàfo àárín wọn nìkan lèèyàn ti ń rí orí ìgbì tó ní àwọ̀ ewé yẹn, mi ò sì ní fi ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni dí i.