Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sílé o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè yín ti pọ̀: “Ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná tẹ́ ẹ̀ ń dán wò ní Dublin yẹn, ṣé a lè gbé e sórí òrùlé bàbá wa n'Ìbàdàn, ká sinmi lọ́wọ́ NEPA?”

Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Bí eré afẹ́fẹ́ bá dín sí ìdajì, ìdá kan péré nínú mẹ́jọ agbára rẹ̀ ló kù. Albert Betz, ará Jámánì, sì ti fi hàn pé kò sí ẹ̀rọ tó lè gbà ju 59.3% lọ nínú ìyẹn. Níbí gan-an, òrùlé àti igi ń da afẹ́fẹ́ rú: kí ẹ̀rọ kékeré tó yíjú sí i tán, ó ti gba ibòmíì. Àwọn méje ti Arklow Bank, inú òkun ni wọ́n rì wọ́n mọ́, níbi tí nǹkan kan ò ti dí afẹ́fẹ́ lọ́nà.

Afẹ́fẹ́ Ìbàdàn ò tó tibí rárá. Oòrùn la ní nílé. Ẹ fowó yín ra sólà. Tí ẹni tó ń tà á bá ṣì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ní kó fi àkọsílẹ̀ afẹ́fẹ́ ọdún kan lórí òrùlé yẹn hàn yín. Bí kò bá ní, ẹ di owó yín mú.